Kọ̀ǹpútà tí Bàbá Mi Fi Sọ Ohun Tó Ń Dùn Wọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí Òun ló jẹ́ kí bàbá mi lè jókòó sí ìlà kejì yẹn láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè.

Orúkọ mi ni Sístà Bùkọ́lá. Èmi ni mo ń tún lápútọ́ọ̀pù ṣe ní Randall Street. Bàbá mi ni ẹ̀ ń pè ní Pa Sójà. Àsìkò ogun ni wọ́n wá sí Làìbéríà níbí láti Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn sójà tó wá dá ogun dúró. Nígbà tí ogun parí, àwọn yòókù padà sílé, bàbá mi dúró, wọ́n sì fẹ́ màmá mi, ọmọ ìlú Buchanan.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ahọ́n wọn wúwo, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. Tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́, wọ́n á mi orí. A ń bá wọn ṣe eré ìdárayá tí dókítà ní ká máa ṣe, wọ́n ń jẹun, ara sì ń yá díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n ṣàdédé kọ oúnjẹ. Ráìsì àti ewé pòtétò tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n á gba ṣíbí kan, wọ́n á tu ú. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù nìkan ni wọ́n ń gbà, ìyẹn náà kò tó nǹkan. Tí a bá fi oúnjẹ lọ̀ wọ́n, wọ́n á fọwọ́ òsì lẹ́rán, wọ́n á dijú. A rò pé ìbànújẹ́ ni. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé àìsàn yẹn ti kan ọ̀fun, pé tí kò bá yí padà, wọ́n á ki rọ́bà oúnjẹ bọ imú wọn. Aládùúgbò wa kan ní Duport Road ní àwọn ará ilé bàbá mi ló di ọ̀fun wọn láti Nàìjíríà. Àwa náà gbààwẹ̀ lórí ọ̀fun. Ẹ̀yin gan-an bá wa gbà á. Síbẹ̀, tí mo bá gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé wọ́n ti fúyẹ́ ju ti àná lọ.

Mo fún wọn ní bírò, ó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fún wọn ní fóònù, ìka wọn ń gbọ̀n, lẹ́tà tí wọn ò fẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Ni mo bá rántí lápútọ́ọ̀pù kan tó já bọ́ látorí ọ̀kadà, tí ẹni tó ni ín ti fi ta mí lọ́rẹ. Ara ẹ̀ fọ́, kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà ẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì ń tàn, bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ sì dára. Mo ní kí káfíńtà kan ní Lakpazee bá mi kan àpótí pákó, mo to ojú àti bọ́ọ̀dù náà sínú ẹ̀. Mo wá kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà ẹ̀ tóbi bíi bisikíìtì. Mo fi ètò kan sí i tó máa ń ka ohun tí èèyàn bá tẹ̀ síta, kí màmá mi lè gbọ́ láti kíṣìnì.

Mo wá sípíkà kékeré mìíràn, ó wá ku iná tó máa lò. Ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Monrovia. Mo fẹ́ kí sípíkà máa fa iná lára bọ́ọ̀dù yẹn, kí bátìrì kan ṣoṣo máa gbé gbogbo ẹ̀ tí iná bá lọ. Ojú USB kan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù sì ti gbà á. Mo fi mítà tó ń wọn iná wá ibi tí iná tó bá sípíkà mu wà lórí bọ́ọ̀dù, mo yọ bátìrì, mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí a fi ń lẹ wáyà, mo fi jó wáyà mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe ni. Mo dá bátìrì padà, mo tan án. Ó dún tá, èéfín díẹ̀ jáde, ó kú.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì. Mi ò ní bọ́ọ̀dù mìíràn irú ẹ̀. Mo sọ fún màmá mi pé màá lọ dà á nù.

Wọ́n ní, "Don't throw it, yah. We will pray first, then you look at it again."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Àdúrà wọn ò gùn. Yorùbá tí wọ́n kọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n fi gbà á: "Ọlọ́run, ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Mo gbé bọ́ọ̀dù náà lọ sójú fèrèsé, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Lẹ́ẹ̀dì tín-ín-tín kan, tí ò tó kóró ata, ló kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, tó so ojú iná méjì pọ̀. Fíúsì ibẹ̀ ló sì jó, ìyẹn ni kò jẹ́ kí iná ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Mo ha lẹ́ẹ̀dì náà kúrò, mo yọ irú fíúsì yẹn lára bọ́ọ̀dù oríṣi mìíràn kan tó ti kú tẹ́lẹ̀, mo fi rọ́pò, mo tún fi fíúsì mìíràn sọ́nà wáyà sípíkà. Mo tan án. Ó tàn. Mo tẹ "Baba", ó pè é bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

A gbé e síwájú bàbá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. Wọ́n wá fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: E, Y, I, N.

Màmá mi pariwo pé, "Egg! Your pa want egg!" Wọ́n sáré lọ dín ẹyin. Bàbá mi mi orí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n pa ẹnu dé. Mo ní bóyá ẹ̀yìn ni. Mo yí wọn padà, mo yẹ ẹ̀yìn wọn wò, kò sí egbò. Sójà ni bàbá mi, ẹ mọ̀ pé wọn ò ní sùúrù. Wọ́n bínú. Wọ́n tún tẹ EYIN, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n wá tẹ ENU.

Kọ̀ǹpútà yẹn ò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì abẹ́ lẹ́tà: ẹyin, ẹ̀yìn, eyín, bákan náà ló ń kọ wọ́n. Eyín ni wọ́n ń wí. Eyín ẹnu.

Mo fọwọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú eyín èrìgì apá òsì, apá tí wọ́n fi ń jẹun, ti jẹrà, ìdí ẹ̀ wú, ó pọ́n. Bí mo ṣe kàn án, omi bọ́ lójú wọn. Ọwọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́rán látìgbà yẹn, eyín ni wọ́n ń fi hàn wá.

Ní ọjọ́ kejì a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín ní Sinkor. Ó ní ọyún ti kún ibẹ̀, pé nínú ara tó ti rẹ̀ tó báyìí, tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ikú ni. Ó yọ eyín náà, ó fún wọn lóògùn. Nígbà tí ibẹ̀ jinná, màmá mi se ráìsì tó rọ̀. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì nawọ́ sí ìkòkò.

Ọ̀fun la gbààwẹ̀ lé lórí. Ọlọ́run mọ̀ pé eyín ni, Ó sì wá ọ̀nà sọ fún wa.

Mi ò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run, bàbá mi ò tíì rìn, ọ̀rọ̀ ò sì tíì jáde lẹ́nu wọn. A ṣì ń gbàdúrà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti ń kún. Láàárọ̀ yìí, wọ́n nawọ́ sí àpótí yẹn pé kí n gbé e wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ gùn, pé ebi á pa àwọn kí ìsìn tó parí. Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀. Ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnu bàbá mi ò lè sọ, Òun nìkan ni kó gba ògo.