Kẹ̀kẹ́ Ìyá Wà ní Mùsíọ́mù

Bàbá Alhaji, ẹ gbà mí o! Mo ti kúnlẹ̀ kí yín, ẹ ti ní kí n dìde, mo ti dìde, ẹ ò ní béèrè ọkọ mi, ẹ ò ní béèrè ọmọ, torí bí ẹ bá ti béèrè ìyẹn, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, mi ò sì fẹ́ ẹ̀rín lónìí. Ẹjọ́ ni mo gbé wá. Ẹjọ́ Ìyá ni. Ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn, nínú gbogbo agbo ilé yìí, ẹ̀yin nìkan ni Ìyá máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó dáhùn. Ìyá tó bí yín, tó bí bàbá mi tẹ̀lé yín, ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Wọ́n bà á jẹ́ kanlẹ̀! Wàláhì, bó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá ti mọ bí màá ṣe gbà á, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ìyá bàbá rẹ̀ ja ìjà àjàṣẹ́gun?

Ẹ kúkú mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé "Sodiqat wa ń kọ ìwé ìròyìn ní Òṣogbo." Kí ni mo ń kọ níbẹ̀? Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ, mùsíọ́mù, ìpàtẹ àwòrán, ère tí àwọn òyìnbó kó lọ tí wọ́n wá ń dá padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń dá abọ́ aládùúgbò padà lẹ́yìn tó ti jẹun inú rẹ̀ tán. Kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò ní pariwo kan náà: ẹ̀yin onímùsíọ́mù, ẹ yé gbé ojú èèyàn wa kọ́ ara ògiri kẹ́ ẹ wá kọ "a kò mọ orúkọ rẹ̀" sábẹ́ rẹ̀! Orúkọ òyìnbó tó ya àwòrán á wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ á tẹ̀lé e, ìlú tó ti wá náà ò ní gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí oòrùn ń pa níwájú rẹ̀, ó tán, wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ títí, ọwọ́ ń ro mí. Èmi ni mo ń ja ìjà yìí, Bàbá, èmi yìí! Nígbà tí ìjà náà wá bímọ, ẹlòmíì ló gbé ọmọ jó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n rọra.

Mùsíọ́mù tuntun tí Dókítà Fátókun ṣí lójú ọ̀nà Òṣogbo yẹn, olùkọ́ yunifásítì tó fẹ̀yìn tì, onírun funfun. Ó pe gbogbo àwa akọ̀ròyìn síbi ìṣíde rẹ̀. Mo ní n ò ní dá lọ, Ìyá ti ń jókòó sílé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Oore ni mo rò o! Odidi kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni mo gbà, mo ń bẹ ẹni tó ń wà á pé kó rọra máa bọ́ sí kòtò kí egungun Ìyá má baà mì. A débẹ̀. Ìyá rí ọlọ, wọ́n ní irú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, adìẹ ló ń mumi nínú rẹ̀. Wọ́n rí wàláà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ kéwú láyé ọjọ́un, wọ́n ní ta ló jí ti àfáà wa gbé. Èmi ń sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, àwọn ńlá ńlá ló wà níbí." Wọ́n ní, "Ṣé èmi kéré ni?"

Bí a ṣe dé iwájú àwòrán ńlá kan báyìí, Ìyá dákẹ́. Bàbá, Ìyá dákẹ́! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wà nínú àwòrán náà, ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ ológeere mú, ó fi èkejì lé ìbàdí, àpò iyọ̀ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń wo ẹni tó ń yà á bí ẹni tó fẹ́ sọ pé "kúrò lọ́nà fún mi." Ìyá ní, "Sodiqat, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Èdè òyìnbó ni, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ẹnu mi yìí ni mo fi túmọ̀ rẹ̀: "Obìnrin Ìwó kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, ṣáájú òmìnira. A kò mọ orúkọ rẹ̀."

Hẹ̀n!

"Kẹ̀kẹ́ ta?" Ìyá ló fi igbe ta báyìí. "Kẹ̀kẹ́ ọkọ ta? Èmi Hàbíbátù rèé! Kẹ̀kẹ́ mi ni! Owó iyọ̀ mi ni mo fi rà á! Ẹ mọ orúkọ mi o, ẹ ò mọ̀ ọ́n o, ìyẹn ò dùn mí, àmọ́ ta ló ní kẹ̀kẹ́ mi di ti ọkọ mi?"

Mo wo àwòrán, mo wo Ìyá. Imú kan náà! Ìdúró kan náà! Ọwọ́ ìbàdí tí wọ́n máa ń gbé bí ẹni tó ta wọ́n lọ́jà bá fẹ́ rẹ́ wọn jẹ, òun gan-an ló wà lára ògiri! Sùbúhánáláhì, orí mi wú. Ohun tí akọ̀ròyìn ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wá rèé: ẹni tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀, ó dúró níwájú àwòrán ara rẹ̀, ó ń jẹ orógbó, ìyá bàbá mi sì tún ni! Kíá, mo fa fóònù yọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ síbí." Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi? Lójú gbogbo èrò? Wọ́n ní, "Sodiqat, lọ bá mi wá omi."

Omi!

Mo lọ. Kí ni kí n ṣe, ṣé kí n ní mi ò lọ ni?

Kí n tó dé, Ìyá ti jókòó. Ẹ bi mí pé ibo ni wọ́n jókòó sí. Orí àga ọlọ́nà tí wọ́n pàtẹ ni o, àga tí wọ́n fi okùn pupa yí ká, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀ríolúwa, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, "Ìyá, ẹ dákun, àga yẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún." Ìyá ní, "Èmi náà ò jìnnà síbẹ̀ mọ́, jẹ́ ká jọ sinmi."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo kúkú sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ óò rẹ́rìn-ín!

Ibi tó ti wá dùn mí rèé. Gbogbo akọ̀ròyìn ti ṣù bò wọ́n, onírédíò, onítẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ya fídíò, Ìyá sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọba. Bí wọ́n ṣe ń ru iyọ̀ lọ sí Kuta àti Olúpọ̀nnà títí ọrùn fi fẹ́ wọlé sínú èjìká. Bí wọ́n ṣe rí kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wolé-wolé, tí wọ́n ní nǹkan tí ọkùnrin tó sanra tó báyìí bá lè gùn, àwọn náà á gùn ún. Bí wọ́n ṣe ra tiwọn ní Ìbàdàn. Bí àwọn ará Olúpọ̀nnà ṣe fi iṣu sílẹ̀ lórí iná wá wòran. Ó tún wá ku Bàbá wa àgbà, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ìyá ò bo bàbá yín láṣìírí o! Wọ́n ní ọkọ àwọn ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn rárá, pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n dán an wò, ọjọ́ Jímọ̀ ni, tàwọn ti agbádá ni wọ́n jọ bọ́ sínú àbàtà, ìrun ti parí kí wọ́n tó rí lẹ́mọ́mù. Wọ́n sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn! Gbogbo ayé ti gbọ́ ọ! Lánàá, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níkòóríta, ọlọ́kadà kan kí mi pé, "Ọmọ ìyá tó ni ọ̀kadà àkọ́kọ́ ní Ìwó!" Kẹ̀kẹ́ ti di ọ̀kadà nìyẹn o. Tó bá fi máa di ọ̀la, á di ọkọ̀ òfúrufú.

Èmi ńkọ́? Mo nawọ́. Mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan péré." Wọ́n ní, "Ìwọ, fa ìborùn rẹ sókè." Mo tún nawọ́, wọ́n yíjú sí Ayọ̀nitèmi. Ta ni Ayọ̀nitèmi? Ọmọ àná tí ìwé ìròyìn tó ń bá tiwa díje ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ère àti òpó ilé! Òun ni Ìyá fà mọ́ra. Òun ni wọ́n bu orógbó fún. Orógbó, Bàbá! Orógbó tí mo fi owó mi rà fún wọn!

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìwé ìròyìn gbé Ìyá sójú ewé àkọ́kọ́, tiwa nìkan ni kò sí. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé, pè mí. "Sodiqat, ìyá àgbà ta nìyí?" Mo ní, "Tiwa ni, sà." Ó ní, "Ibo lo wà nígbà tó ń sọ̀rọ̀?" Kí ni kí n sọ? Kí n ní omi ni mo lọ bù? Mo sì sọ ọ́, ẹnu mi ò gbọ́n! Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi ní ọ́fíìsì mọ́. Sodiqat Olómi ni wọ́n ń pè mí.

Mo ti bá Ìyá sọ ọ́. Mo ní, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ. Ta ló lè bá ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà jà? Òun ni mo ṣe sáré tọ̀ yín wá. Ẹ bá mi wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé mo fẹ́ ìjókòó tèmi, láìsí Ayọ̀nitèmi, láìsí onítẹlifíṣọ̀n, mo sì fẹ́ gbọ́ èyí tí wọn ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ mi ni!

Kí lẹ wí?

Ìyá ti sọ ìdí tí wọn ò fi dá mi lóhùn fún yín? Ìdí wo?

Ẹ tún un sọ, Bàbá... Pé bí èmi bá kọ ọ́, wọ́n á ní ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń pọ́n ọn lé. Pé ẹ̀rí ará ilé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń mọ. Pé kí ẹni tí kò bá wa jẹ, tí kò bá wa mu, kọ́kọ́ kọ ọ́ síwèé pé Ìyá ló ni kẹ̀kẹ́ náà, kó má sì sẹ́ni tó máa lè já a ní koro.

Hùn.

Ìyá ro gbogbo ìyẹn? Kí n tó bu omi dé?

Ẹ̀n-ẹ́n, Dókítà Fátókun wá síbí láàárọ̀? Òun fúnra rẹ̀? Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó ní òun ti yọ àkọlé yẹn dànù, òun fẹ́ kọ òmíì... Ìyá ní kò gbọdọ̀ kọ ọ́? Wọ́n ní ta ni kó kọ ọ́?

Èmi?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Bàbá Alhaji, mi ò sunkún. Ta ló ń sunkún? Ìwé ìròyìn Ayọ̀nitèmi ti di èyí tí wọ́n fi ń wé àkàrà báyìí, àmọ́ ti ara ògiri, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí á kà á! Ó ti wà lórí mi, ẹ gbọ́: "Hàbíbátù, oníyọ̀, ọmọ Ìwó, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀." Ó parí. Kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hẹn? Kí n fi kí ni kún un?

Orúkọ yín? Orúkọ yín ṣe kàn án, níbo lẹ wà nínú àwòrán yẹn? Mi ò rí ju Ìyá àti kẹ̀kẹ́ àti iyọ̀ lọ... Inú wọn? Inú Ìyá lẹ wà lọ́jọ́ náà? Oyún yín ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuta? Háà! Bàbá Alhaji! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì mí mú, ìhà ń dùn mí! Ẹ̀yin náà fẹ́ wọ mùsíọ́mù! Ó tì o, èmi ò ní bá yín dé ọ̀dọ̀ Ìyá fún ìyẹn. Ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín pé ẹ fẹ́ bá wọn pín kẹ̀kẹ́, èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n lè tètè ráyè sá!