Kéèkì Nínú Ìkòkò Ìyá Ọkọ

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń ti Òtókítì lọ sí Paparanda ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyàwó tuntun kan àti ìyá àgbà tó jókòó tì í. Ìyàwó náà gbé ẹrù kan tó fi aṣọ dì lé itan. Bí a bá ti kó sí kòtò, ohun kan á dún kò-kò-kò nínú ẹrù náà, èmi ọkùnrin ògidì á sì máa wo ibi tí n ó bẹ́ sí.

"Kí lo dì bí ọmọ jòjòló yìí?"

"Ìkòkò ìyá ọkọ mi ni, mà. Mo yá a, mo da iyanrìn sí i, mo fi yan kéèkì fún wọn. Kéèkì jinná, àmọ́ ìdí ìkòkò dúdú bí èédú. Tẹ́lẹ̀ náà, wọn ò fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀."

"O ò fi eérú fọ̀ ọ́?"

"Mo fi eérú, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi sódà. Èékánná mi nìkan ló funfun."

"Jẹ́ kí n tọ́ kéèkì náà wò."

"Ti ìyá ni, mà."

"Èmi náà, ìyá ọkọ ni mí. Bù ú wá."

Ìyá jẹ ẹ́, ó tún bù sí i.

"Ìyá ọkọ tó bá jẹ èyí, tó tún ráyè yí ìkòkò wo ìdí, ìjà ló ń wá. Kúnlẹ̀, ṣí ìdérí, kí òórùn kéèkì kí wọn kó o tó yanu."

Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi bá a rín in. Èmi tí mo fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni mo nawọ́.

"Ẹ bù fún mi náà, bàbá ọkọ ni mí."

Ọmọ mi àgbà ò tíì ní àfẹ́sọ́nà.