Wáìnì Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Síwájú Àna

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge níhìn-ín, ní Òkè-Ìlá, ẹnikẹ́ni kì í ra ohun mímu ìdána láì mọ ẹni tí yóò mu ún. Ẹ gbọ́? Ẹni tí yóò mu ún!

Dàpọ̀, gbé ìgò yẹn kúrò lórí tábìlì mi. Mo ní kí o gbé e kúrò. Inú ń bí mi. Èmi ìyá bàbá yín ni mo ń sọ̀rọ̀.

Sátidé ni àwọn ará Ìgèdè ń bọ̀ wá tọrọ Fúnmi, àbúrò rẹ. Mùsùlùmí ni wọ́n, látorí bàbá ọkọ dórí ọmọ ọwọ́. Ìwọ wá lọ ra wáìnì tó ń hó, ọlọ́tí, tí wọ́n fi bébà tó ń dán wé lọ́rùn. Mo bi ọ́ bí o ṣe yàn án. O ní o bi fóònù, òun ló sọ pé èyí tó kan díẹ̀ lẹ́nu ló bá ayẹyẹ mu… pé tí ìdérí bá fò, tó dún gbàù, fọ́tò á dùn. Ṣé fóònù ló fẹ́ fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́ ni? Àwọn àna ńkọ́? O ní kí wọ́n mu Fáńtà. Fáńtà! Kí àna jókòó sápá kan bí ẹni tó ṣèèṣì yà wọlé!

Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá mi. Tíṣà ni wọ́n, ọmọ ìjọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹmu… há! Èyí tó ń hó, tó ń ta sí imú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ lọ sílé ọkọ, ilé Mùsùlùmí kan nídìí Ọjà Ọba, gbogbo ẹbí ní kí wọ́n gbé akèrègbè jáde, pé ìdána wo ni kò ní ẹmu? Bàbá mi dìde. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n rìn lọ sílé àna. Wọ́n ní, "Mo ti ulé wá bi yín ni. Bí inú yín bá dùn, kí lẹ ń mu?" Ẹnu ya àwọn yẹn. Ìyá ọkọ ní oyin ni, tí wọ́n pò mọ́ omi tútù. Òun náà la pò. Ohun kan náà ni gbogbo wa mu, àtàwa àtàwọn. Ẹmu ò wọlé wa lọ́jọ́ náà, bàbá mi ò sì kú.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ kí wọ́n tó bímọ. Ẹnu ará ilé ọkọ ò dákẹ́… ẹ mọ bí ayé ṣe rí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, ìyá ọkọ á ní, "Ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ọmọ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá bi wá léèrè ni." Ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi, tẹkúntẹkún.

Mi ò kórìíra wáìnì. Èyí tó ń hó tí kò lọ́tí nínú wà, mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ní àwọn ń fẹ́ ẹ, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n? Ẹ ní mọ́tò, ẹ ní fóònù, Ìgèdè ò jìnnà… kò sẹ́nì kan tó bi wọ́n!

Fúnmi nìyẹn lẹ́bàá ògiri, ó ń nu ojú. Ilé yẹn ló ń lọ gbé, kì í ṣe inú fọ́tò. Lọ́jọ́ tí ẹnu bá kò lé e lórí níbẹ̀, tí èmi ti wà nínú ilẹ̀, kí ni ìyá ọkọ rẹ̀ fẹ́ wí tí yóò fi gbà á sílẹ̀?