Ìdáhùn Mọ́kànlélógójì Tí Mo Yí Padà

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Bí mo bá kú sí i, ẹ má sin mí bí ènìyàn rere. Èmi Olúdayọ̀ tí ẹ fi ṣe akọ̀wé ìran fún ọdún mẹ́tàdínlógún, òpùrọ́ ni mí.

Ẹ mọ̀ pé bí ẹ̀mí bá gbé aríran, èmi ni mo máa ń jókòó tì í pẹ̀lú ìwé, tí n ó kọ gbogbo ohun tó bá sọ. N kì í fi tèmi kún un. Nígbà tí Màmá Mọ́níkẹ́ ríran pé àwọn ará Ìráànì na ọwọ́ sókè, pé wọ́n ń bẹ̀ kí iná wá láti òkèèrè gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń jọba lé wọn lórí, mo kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ lé e lórí.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Ìráànì náà ni mò ń ṣe níbi iṣẹ́ ní òpópónà River Road nílùú òyìnbó níbí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, tó ń wádìí èrò aráàlú fún àwọn tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ààbò àti ọ̀rọ̀ òkèèrè. Mahin, ọmọbìnrin Ìráànì kan, ló ń pe àwọn ará orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí fóònù. Á túmọ̀ ìdáhùn wọn fún mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òun nìkan ló ń bá mi jẹun ọ̀sán.

Ìbéèrè keje ló kó bá mi: ṣé wọ́n fẹ́ kí orílẹ̀-èdè mìíràn fi ogun lé ìjọba wọn lọ? Olùkọ́ kan ní ìlú Isfahan ní Ìráànì sọ pé, "Mi ò fẹ́ràn àwọn tó ń ṣèjọba wa rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ju bọ́ǹbù sí àdúgbò mi, èmi ló ń bá jà." Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi dàrú. Ṣé Ọlọ́run á wá parọ́ ni? Mo ní ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé ìran ló mọ inú wọn. Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" fún olùkọ́ náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún ogójì mìíràn. Ìgbéraga ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Nígbà tí àbájáde ìwádìí wa jáde, ọkùnrin kan ń sọ lórí rédíò pé aráàlú Ìráànì fúnra wọn ló ń fẹ́ ogun. Mahin gbọ́, ó lọ bá ọ̀gá pé irọ́ ni. Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti burú jù: mo ní bí Mahin ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. A kì í gba ohùn àwọn tó ń dáhùn sílẹ̀, kí ewu má bàa wu wọ́n, nítorí náà kò ní ẹ̀rí. "Dayọ̀, o gbọ́ ohun tí mo sọ," ni Mahin wí. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

N ò sọ pé ìwádìí wa ló fa ogun tó padà dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ lu Ìráànì, tí ẹ̀ ń dúpẹ́ pé ìran ṣẹ, èmi náà jó. Mo padà sí yàrá mi ní Chadwell Heath, n ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Títí di òní, n ò bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Mahin ní ọjà East Street, mo dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín èrò. Ó ní, "Dìde. Tèmi, bóyá mo lè forí jì ẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó dáhùn ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ fún yín, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ìbáà ta ko ìran. A ti pa nọ́ńbà fóònù àwọn tó dáhùn rẹ́. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, n ò sì mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo.