Ọjọ́ Tí Mọ́tò Mi Fìdí Rẹmi Níbi Àyẹ̀wò Èéfín

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ ná kí n tó sọ̀rọ̀, torí tí mo bá wọnú ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹkún lè máà jẹ́ kí n lè dúpẹ́ bó ṣe yẹ. Bàbá, o ṣé. O ṣé gan-an ni!

Ẹ mọ̀ mí, èmi Sístà Dúpẹ́ tó máa ń kọ áàtò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òkè-Ìlá ni mò ń gbé, Ìjan ni mo ti ń ṣe tíṣà. Àràárọ̀ ni mo máa ń fi mọ́tò mi gbé àwọn tíṣà mẹ́ta lọ síbi iṣẹ́. Màmá Adéọlá ni àgbà wọn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn mi gan-an ni wọ́n máa ń jókòó sí.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù kọjá agbára wa, mo ní kí wọ́n bá mi yí mọ́tò náà padà kó máa lo gáàsì. Wọ́n gbé sílíńdà sí búùtù, wọ́n fa páìpù gba abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lọ síwájú. Mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́. Ẹni tó ṣe é ní kí n gbé e padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan kí òun tún un wò. Mi ò lọ. Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí, mo ń wá báírò nínú mọ́tò, mo bá rí i pé ìwé àyẹ̀wò mọ́tò mi máa ẹ̀sípáyà lọ́jọ́ Ẹtì. Háà! Mo pe ẹnì kan, mi ò ní dárúkọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ìwé á bá yín nílé. Wọn ò tiẹ̀ ní rí mọ́tò yín sójú."

Ará, mo ti tẹ nọ́ńbà náà tán sórí fóònù. Ó ku kí n fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti ọkọ mi kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, mo ní, "Olúwa, ìwọ ni kí o yan ọjọ́ fún mi." Mi ò gbọ́ ohùn kankan o, mi ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Àmọ́ nígbà tí mo dìde, ara mi ò gba ọ̀rọ̀ ìwé yẹn mọ́. Ó kàn ń ṣe mí pé kí n gbé mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n má dúró dọjọ́ Ẹtì.

Mo yà lọ́dọ̀ Bọ̀dá Gbóyèga, mẹkáníìkì mi ní àdúgbò Adébáyọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má gbé e débẹ̀ ní tútù o. Bí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì gbóná dáadáa, èéfín rẹ̀ á burú ju bó ṣe yẹ lọ."

Torí náà, láti Ìjan ni mo ti wa mọ́tò lọ síbẹ̀ tààrà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wa la wà nínú ẹ̀. Màmá Adéọlá ń ráhùn, "Ulé ni mò ń lọ ní tèmi o!" Mo bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀gá obìnrin kan ló yẹ mọ́tò wò. Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ sàláńsà tí èéfín ń gbà jáde. Èéfín mọ́! Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Màdáàmù, kí ni mò ń gbóòórùn rẹ̀ yìí?"

"Irú tí Màmá rà ni, Ọ̀gá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni òórùn yẹn ti wà níbẹ̀, irú la sì ń dá lẹ́bi!

Ọ̀gá náà ní, "Gbogbo yín, ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ má tan nǹkankan!" Wọ́n ti sílíńdà pa, wọ́n ká ìjókòó sókè. Páìpù gáàsì ti já níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Wáyà kan tí ara rẹ̀ ti bó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Abẹ́ ìdí Màmá Adéọlá gan-an ni o. Jésù!

Wọ́n ní mọ́tò mi ò yege. Mo ní kí wọ́n ṣàánú mi, ọjọ́ Ẹtì ni ìwé máa kú. Wọ́n ní, "Àánú náà ni mo ṣe yín yìí. Ẹ lọ tún un ṣe, àyè ṣì wà."

Àyè ṣì wà lóòótọ́, torí Ọlọ́run ti lé mi jáde ṣáájú ọjọ́. Bọ̀dá Gbóyèga wá fi mọ́tò mìíràn fà á lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n so wáyà míì. Nígbà tó dọjọ́ Ẹtì, mo wa á títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá náà. Wọ́n yẹ ẹ́ wò lókè, wọ́n yẹ ẹ́ wò nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Màdáàmù, ẹ máa lọ láyọ̀."

Ká ní mo fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ ni, ìwé á pé, èmi á máa gbé èèyàn mẹ́ta lọ sínú iná láràárọ̀.

Màmá Adéọlá ló jókòó níbẹ̀ yẹn. Kátólíìkì ni wọ́n, wọ́n ti lọ sí Máàsì àárọ̀ tiwọn kí wọ́n tó wá síbí. Màmá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ̀yin ará, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ẹ wò mí. Irun orí wa ò jó. Ẹni tó bá mọ Ọlọ́run tó ṣe é, kó bọ́ síta, kó wá bá wa jó!