Wọ́n Ní Mo Fi Pẹ̀lẹ́ Dí I Lẹ́nu

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Uselu, ìyá kan jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ tọ́jú àwọn tí ìrònú ń dà láàmú, Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílùú onílùú ló sì jẹ́ kí n tẹ́tí.

"Mọ́mì, mi ò yege. Ọ̀gá tó ń dán wa wò gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ti èmi àti màmá kan tí mo ń tọ́jú. Nígbà tí màmá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó tó, ẹ má sunkún mọ́.'"

"Èwo ló burú níbẹ̀? Ṣé kí o máa wo àgbàlagbà níran ni?"

"Wọ́n ní ó yẹ kí n bi màmá yẹn pé kí ni wọ́n ń rò lọ́kàn, pé ìrònú yẹn gan-an niṣẹ́ wa. Wọ́n ní mo fi pẹ̀lẹ́ dí màmá lẹ́nu."

"Fi pẹ̀lẹ́ dí i lẹ́nu! Ẹ̀yin oníwèé yìí náà!"

Inú bí èmi tí mò ń gbọ́ wọn náà sí ọ̀gá yẹn, torí pé òótọ́ ló sọ: èmi náà máa ń fi pẹ̀lẹ́ dí èèyàn lẹ́nu.

Ìyá wojú ọmọ rẹ̀. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, pẹ̀lẹ́ kún ilé wa dé ẹnu ọ̀nà." Ó fi etí gèlè nu ojú.

Ọmọ ní, "Ẹ pẹ̀...", ó sì gbé e mì. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Mọ́mì, kí lẹ rò nígbà tí wọ́n sọ fún yín?"

"Ẹ̀wà," ni ìyá wí, ẹ̀rín àti omijé dà pọ̀ lójú rẹ̀. "Mo ti rẹ ẹ̀wà tí mo fẹ́ fi dín àkàrà fún bàbá rẹ. Mo rò ó pé, ta ni yóò wá jẹ ẹ́? Ojú tì mí, mi ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí."