Gírísì Tí Àmúsà Fi Bo Ojú Ẹ̀rọ

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i," ni Àmúsà wí. "Bí ẹ bá dá mi dúró, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè."

Orí àga ló jókòó sí nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìgándò, torí bó bá dùbúlẹ̀, kì í lè mí dáadáa mọ́. Eruku sìmẹ́ńtì ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, dókítà kò sì fi pa mọ́ fún un pé ọjọ́ tó kù kò pọ̀. Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dáníẹ́lì ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún aṣọ náà sì ṣófo láti ìgúnpá lọ sísàlẹ̀. Olútóyìn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ tí Àmúsà ti ń bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti wá láti Ìdímù.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkọ̀tún ni Àmúsà, Dáníẹ́lì àti Olútóyìn ti pàdé. Òpó iná àti ríngì kànga oníkọnkéré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bárò ni wọ́n fi ń gbé kọnkéré láti ibi tí wọ́n ti ń pò ó lọ sínú àpótí irin tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀dù, Àmúsà sì ni olórí àwọn mẹ́rìnlá tó ń ti bárò. Orí rẹ̀ a máa wú bí wọ́n bá pè é ní Fọ́mànù.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé tó ni ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan ni, ó ń rìn lórí irin tí wọ́n tẹ́ sókè. Á gba kọnkéré, á gbé e lọ fúnra rẹ̀, á dúró lórí mọ́ọ̀dù, á sì dà á sí i níwọ̀nba. Ojú kan bíi ti kámẹ́rà ló fi ń mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, òun náà ló sì fi ń rí i bí èèyàn bá wà lọ́nà. Olútóyìn, tó kàwé jáde ní pólì, ni wọ́n gbà láti máa darí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí àwọn mẹ́fà lára àwọn tó ń ti bárò máa lọ sílé. Àmúsà wá ń káwọ́ gbera wòran.

"Dáníẹ́lì, mo sọ fún ẹ pé torí àwọn tí wọ́n lé ni inú ṣe ń bí mi," ni Àmúsà wí. "Irọ́ ni. Torí ara mi ni. Ọmọ tó kéré sí Fàthíà ọmọ mi ń tẹ bọ́tìnnì, ẹnì kan ò sì pè mí ní Fọ́mànù mọ́."

Ní Ọjọ́rú kan, Ọ̀gá fẹ́ mú àwọn oníbàárà wá wo ẹ̀rọ náà. Olútóyìn gun àkàsọ̀ láàárọ̀, ó fi aṣọ mímọ́ nu ojú ẹ̀rọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àmúsà ń wò ó. Bó ṣe kọjá sínú ọ́fíìsì, Àmúsà gun àkàsọ̀ kan náà, ó sì fi gírísì bo ojú náà.

"Mo rò pé kọnkéré á kàn dà sílẹ̀ ni, kí ojú tì wọ́n, kí wọ́n dá bárò wa padà. Mi ò mọ̀ pé ìwọ lo máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, tí wàá máa dán ojú òpó. Ṣùgbọ́n mo rí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà tó ń bọ̀, Dáníẹ́lì. Mo rí i. Ó yẹ kí n pariwo. Mo ní bí mo bá pariwo, wọ́n á béèrè bí mo ṣe mọ̀ pé kò ní dúró. Ibi tí mo ti ń rò ó ló ti dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà fún apá Dáníẹ́lì mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́ọ̀dù. Bí àwọn yòókù ṣe ń gbé e sáré lọ sí ọsibítù, Àmúsà tún gun àkàsọ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi nu gírísì náà kúrò.

Àmúsà ń wá èémí. Sìdíkátù gbé omi sí i lẹ́nu, ó kọ̀ ọ́.

"Ó kù. Èyí tó burú jù ló kù. Olútóyìn, wọ́n ní o kò yẹ ojú ẹ̀rọ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, o sì sunkún níwájú Ọ̀gá. O ní, 'Mo yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Bàbá Fàthíà rí mi, ẹ bi wọ́n.' Èmi lo pè ní ẹlẹ́rìí rẹ, nínú gbogbo wọn. Mo ní mi ò rí ẹ. Wọ́n gbé Kùránì wá, mo gbọ́wọ́ lé e, mo ní mi ò rí ẹ. Wọ́n lé ẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀rọ náà. Orí ìjókòó rẹ ni mo wà títí àìsàn yìí fi gbé mi dè."

"Lá ìláha ílà-Ọlọ́hun!" Sìdíkátù káwọ́ lérí.

Dáníẹ́lì dìde. "Ọdún mẹ́rin, Àmúsà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni mò ń dárúkọ rẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìwọ lo ń gbé oúnjẹ wá bá mi ní ọsibítù, tí o ń bù ú sí mi lẹ́nu. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n tí ìyá mi ò bí fún mi ni ẹ́." Ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Olútóyìn kò sunkún. Ó yọ bébà àti báírò nínú báàgì rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ẹ dárúkọ mi, ẹ buwọ́ lù ú. Mò ń gbé e lọ fún Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé."

Ó pẹ́ kí Àmúsà tó kọ ọ́ tán. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ó bá àwọn ọ̀dọ́ tó wà nílé iṣẹ́ sọ̀rọ̀: "Bí ẹ bá ṣe ibi, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn lẹ máa gbé e rù."

Olútóyìn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká a.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé wàá dárí jì mí?"

"Bàbá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ ka ìwé yìí fún ní sàréè wọn," ni Olútóyìn wí. "Títí wọ́n fi kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kó dárí apá Bọ̀dá Dáníẹ́lì jì mí."